Kò Tíì Pé Mẹ́wàá

Ọmọ náà ò tíì pé wákàtí mẹ́ta láyé tí wọ́n fi ní kí ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé aboyún mìíràn ń rọbí lẹ́nu ọ̀nà o. Àlejò ńlá kan ló ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ ìlera ní aago méjì ọ̀sán, Métírọ̀n sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rún aṣọ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Alágbàfọ̀, ìyá abiyamọ náà, gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà. Òun ló fọ̀ ọ́. Òun ló kì í bọ inú omi búlúù, ọkọ rẹ̀ ló sì fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Àṣé kí àlejò lè rí i wò ni, kì í ṣe kí abiyamọ lè sùn lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì," ló wí, "abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí náà, ọmọdébìnrin kan tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, ń nu tábìlì. "Abẹ́rẹ́ wo, Màmá?"

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀. Èyí tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Ìyá rẹ̀ ní kòkòrò náà lára, ó wà nínú káàdì rẹ̀, ẹ̀yin náà sì kà á. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá sọ fún wa pé ilẹ̀ ọ̀la ò gbọdọ̀ mọ́ bá ọmọ náà láìgbà á."

Nọ́ọ̀sì wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Ìgò kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Tí mo bá ṣí i nítorí ọmọ kan, ti mẹ́sàn-án yòókù á ṣòfò. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e wá. Tí ọmọ bá ti pé mẹ́wàá, a ó ṣí i."

"Òní ni Mọ́ńdè."

"Mo mọ̀, mà."

Alágbàfọ̀ ò bá a jà. Kí ni èèyàn fẹ́ bá ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ jà sí? Ó wá Métírọ̀n lọ. Métírọ̀n wà ní gbàgede, ó ń darí ọkùnrin méjì tó ń so aṣọ ìkéde kan mọ́ òpó. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i lára pé: Ẹ JẸ́ KÁ GBA Ẹ̀DỌ̀ WA LÀ.

"Ẹ fà á sókè lápá òsì," ni Métírọ̀n ń wí. Bó ṣe yíjú, ó rí Alágbàfọ̀. "Ìyá Alágbàfọ̀! Ẹ kú ewu ọmọ. Aṣọ wa ńkọ́? Kóòtù funfun méje ni o. Aago kan ni mo fẹ́ kí wọ́n ti wà níbí."

"Wọ́n ti wà nídìí àyọ́ọ̀nù. Métírọ̀n, ẹ dákun, ẹ bá mi ní kí wọ́n ṣí ìgò abẹ́rẹ́ yẹn."

"Ṣé ó pé mẹ́wàá?"

"Ọmọ kan la bí, mà."

"Kò tíì pé mẹ́wàá nìyẹn." Ojú rẹ̀ ti padà sára aṣọ ìkéde. "Òfin ni, kì í ṣe èmi. Ìjọba ò fẹ́ kí á máa fi nǹkan ṣòfò."

Alágbàfọ̀ ò pariwo. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, nítorí ó mọ̀wé dáadáa, lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ jáde nínú iyàrá, tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sílé.

Ẹ ò ní mọ bí inú ṣe bí i tó bí n kò bá sọ èyí. Oṣù keje rèé tí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú. Ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ gbẹ, ó sì kú. Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ilé wò, wọ́n bá kòkòrò kan náà lára Alágbàfọ̀, lára ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti lára ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń gbà dé ara ọmọ nígbà ìbí. Nígbà tí wọ́n bí Alágbàfọ̀ àti nígbà tí òun náà ń bímọ, kò sí abẹ́rẹ́ kankan, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti wà nígbà tí wọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́rin yìí. Nínú iyàrá yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ ò tíì pé mẹ́wàá. Wọ́n lọ ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ mẹ́fà ló wá. Wọ́n lọ ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ọmọ mẹ́jọ. Nígbà tó fi pé mẹ́wàá, ohun tó fẹ́ wọlé ti wọlé, abẹ́rẹ́ ò sì lè lé e jáde mọ́.

Ilé wọn ò ju iyàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ, pẹ̀lú àgbàlá tí okùn ìsáṣọ ti gbà tán. Ọkọ Alágbàfọ̀ jókòó ti tábìlì tó fi ń lọṣọ, ó ń fẹ́ èédú inú àyọ́ọ̀nù. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin wọn ti kú ni kì í ti í dìde dúró lọṣọ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀, sáré jáde, ó ń da ìbéèrè bolẹ̀.

"Ṣé ó leyín? Kí ló dé tó ń sùn? Ṣé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́?"

"Wọn ò tíì gún un."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?"

"Abẹ́rẹ́ tó ń lé kòkòrò ẹ̀dọ̀ ni," ni Alágbàfọ̀ dáhùn, torí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíì. "Jẹ́ kí ìyá rẹ rí ọ̀nà kọjá."

Abiyamọ dùbúlẹ̀. Wọ́n bu tíì fún un àti búrẹ́dì àná, ó ń ki búrẹ́dì náà bọ inú tíì kó lè rọ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ò lè dé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ṣé wọ́n láwọn ò fún un?" ni ọkọ Alágbàfọ̀ béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n ní kò tíì pé mẹ́wàá."

Àyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. "Ọjọ́bọ̀ náà ò kúkú jìnnà."

"Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́nu yín lónìí," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígbà náà."

"Ṣé àwọn tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ta ló máa bá yín ṣílẹ̀kùn?"

Bàbá gbé àyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má bá obìnrin yẹn jà. Wo okùn yẹn. Ìdajì aṣọ tó wà lórí rẹ̀, ta ló ni ín? Bó bá kó aṣọ rẹ̀ lọ, kí la fẹ́ máa fọ̀?"

"Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ta ló ni ín?"

Bàbá tẹ àyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ. Wọ́n ti ń bá ara wọn gbé tipẹ́, ó mọ ibi tó yẹ kí òun panu mọ́.

Ibẹ̀ ni Rédíò bá wọn. Onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde, òun ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé filáàsì ọbẹ̀ gbígbóná dání.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó. Ẹ bá mi dà á sínú abọ́ tiyín, kí n lè gbé filáàsì mi lọ báyìí báyìí."

Alágbàfọ̀ wò ó. "Kì í ràn nínú abọ́. Mo ti sọ fún yín. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé."

"Èmi mọ̀ kẹ̀! Àwọn èèyàn ni ò mọ̀. Àwọn tó ń wá dirun ló ń bi mí pé ṣé mo ń jẹun nílé yín." Ó ti ń wá ibi tó máa jókòó sí. "Wọ́n ní wọn ò fún ọmọ lábẹ́rẹ́?"

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé tí wọ́n délé! Ṣùgbọ́n ìròyìn Rédíò wúlò nígbà míì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní: "Ọmọ mẹ́wàá náà ni? Ṣebí a lè kó wọn jọ! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ìyàwó káfíńtà bímọ. Ìyàwó tíṣà bí ìbejì. Ọmọ aránṣọ ilé aláwọ̀ ewé ńkọ́?" Ó ń ka ìka rẹ̀ títí ó fi pé mẹ́wàá, ó tún ṣẹ́ kù.

Alágbàfọ̀ jáde ní aago mẹ́sàn-án. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó káfíńtà, ìyẹn gbà láìjanpata, ó ní òun á gbé ọmọ òun wá nígbàkigbà tí wọ́n bá pè. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tíṣà, ìyẹn ní àfi kí òun bi ọkọ òun, ọkọ òun sì wà níbi iṣẹ́. Ẹni kẹta ti rìnrìn àjò. Ẹni kẹrin ní ọmọ òun ti gba tirẹ̀ níbòmíì. Ní ilé aláwọ̀ ewé, aránṣọ yọjú láti ojú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ má bínú. A gbọ́ pé àìsàn ẹ̀dọ̀ wà nílé yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọmọ mi."

"Abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mú ọmọ yín ni mo wá bá yín sọ!"

Fèrèsé ti pa dé. Alágbàfọ̀ dúró níta nínú oòrùn. Ohun tó ń gbóná láyà rẹ̀ kì í ṣe ìbànújẹ́ mọ́. Ó ti sunkún tó láti oṣù méje. Ó ń fẹ́ kí ẹnì kan jẹ nínú ìyà náà, ẹnì kan pàtó, ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà kóòtù rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ti lù nígbà tó padà dé. Ọmọ méjì péré ló rí, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ kóòtù méjì parí, ó ti fi wọ́n kọ́: ti Métírọ̀n àti ti akọ̀wé rẹ̀. Sítáàṣì ti mú ọrùn ti Métírọ̀n gan, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mànà. Márùn-ún tó kù wà nínú bàsíà, wọ́n ti gbẹ, àmọ́ wọ́n rún gidi. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó èédú tuntun sínú àyọ́ọ̀nù.

Alágbàfọ̀ wo èédú náà. Ó wò ó pẹ́.

"Bàbá, ẹ pa iná yẹn."

"Kí ló dé?"

"A ò kóná sí àyọ́ọ̀nù nítorí aṣọ méje mọ́ nínú ilé yìí. Tó bá pé mẹ́wàá, a ó kóná. Èédú ò gbọdọ̀ ṣòfò."

Láti inú iyàrá, wọ́n gbọ́ tí abiyamọ bú sẹ́rìn-ín, tó ní "yéè, inú mi," tó tún ń rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú ilé náà láti oṣù méje nìyẹn.

Ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn dé ní aago méjìlá ààbọ̀, ó wá kó aṣọ.

"Kò tíì pé mẹ́wàá," ni Alágbàfọ̀ wí fún un. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀.

"Mẹ́wàá bíi ti báwo? Àwa méje la wà lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ fún Métírọ̀n pé òfin ni, kì í ṣe èmi."

Ọlọ́dẹ forí lé ọ̀nà, ó lọ. Kò pẹ́, ó tún dé, òógùn ń da lójú rẹ̀, ó kó kọ́tìnnì méjì àti aṣọ tábìlì kan sọ́wọ́. "Ó ti pé mẹ́wàá o! Métírọ̀n ní kí ẹ ṣe kíá."

Alágbàfọ̀ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú sùúrù. "Òótọ́ ni, ó pé. Ẹ ṣeun. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí a ń lọṣọ. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

Ọlọ́dẹ wo bàbá. Bàbá wo ilẹ̀, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ. Ní òdìkejì títì, Rédíò ti fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ ní ààbọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Métírọ̀n fúnra rẹ̀ dé. Ó ti kun pọ́dà, ó ti ṣe irun, ṣùgbọ́n gáùnù òdòdó tó fi ń ṣeré nílé ló wà lọ́rùn rẹ̀, torí kóòtù ló fẹ́ wọ̀ lé e.

"Ìyá Alágbàfọ̀, kí lẹ̀ ń bá mi ṣeré lójú ọ̀nà báyìí? Àlejò ti wà lọ́nà! Ẹ kó aṣọ náà fún mi bó ṣe wà."

Alágbàfọ̀ dìde. Ó já kóòtù Métírọ̀n lórí ìkọ́, ó gbé e dání láàárín àwọn méjèèjì. Bàsíà mìíràn, ti omi búlúù, wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣí ìgò."

"Mi ò lè ṣí i! Ẹ ò yé wa. Òní gan-an ni àlejò máa yẹ fìríìjì wò. Tó bá ka ìgò, tó rí i pé mo fi ti ọmọ mẹ́sàn-án ṣòfò nítorí ọmọ kan, iṣẹ́ mi ló máa gbà lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ mi! Èmi náà ní ọmọ tí mò ń bọ́."

"Ṣé àwọn ọmọ yín gba abẹ́rẹ́ yìí?"

Métírọ̀n wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá," ni bàbá pè é, ohùn rẹ̀ rọ̀, "fún un láṣọ rẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ ṣí ìgò," ni Alágbàfọ̀ tún wí.

"Mi ò ṣí i."

Ó ju kóòtù náà sínú omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í mọ́lẹ̀, apá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tó gan, bọ́tìnnì rẹ̀ tó ń kọ mànà, ó sì mú un síbẹ̀ títí tí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde. Ó ju ti akọ̀wé tẹ̀ lé e. Ó da márùn-ún yòókù lé wọn lórí. Kí n má parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ó dùn débi pé ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Bí ó bá ní aṣọ ogún, ogún ni ìbá rì.

Métírọ̀n dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Pọ́dà ojú rẹ̀ ti ń ya. "Láti òní lọ," ló wí, "aṣọ ilé ìwòsàn kan ò ní wọ àgbàlá yìí mọ́. Ẹ gbọ́ mi? Kan ṣoṣo!" Ó yí padà, ó ń sáré lọ nínú gáùnù òdòdó rẹ̀, Rédíò sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí i dáadáa.

Bàbá gbé ọwọ́ lérí. Alágbàfọ̀ ò wo ojú rẹ̀. Ó ká òṣùká, ó gbé bàsíà náà rù pẹ̀lú omi, pẹ̀lú aṣọ méje, omi búlúù ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ dá a dúró. Ohun tó gbọ́ ni pé bàbá wọ inú iyàrá, pé ó ń bá abiyamọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó jáde, ó ti wọ bàtà, ọmọ tuntun wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ mímọ́.

"Tiwa náà ti bàjẹ́ ná," ló wí. "Máa lọ níwájú."

Ìyá Àgbà dì mọ́ etí aṣọ bàbá rẹ̀ àgbà, kò sẹ́ni tó ráyè lé e padà.

Àlejò ti dé nígbà tí wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ta kánópì, àwọn òṣìṣẹ́ ti dé fìlà tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ kóòtù nínú wọn. Dókítà àgbàlagbà kan ni àlejò náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú gíláàsì tó nípọn. Métírọ̀n ti yá aṣọ funfun kan wọ̀ tí kò bo ikùn rẹ̀ tán, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń sọ pé ní ilé ìwòsàn tiwọn, kò sí ọmọ kankan tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Alágbàfọ̀ la àárín àwọn àga kọjá. Ó sọ bàsíà kalẹ̀ níwájú tábìlì, omi búlúù ta sí aṣọ tábìlì.

"Ẹ gba aṣọ yín," ló wí. "A ò rí i lọ̀. Kò pé mẹ́wàá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọlọ́dẹ fẹ́ fà á lápá, dókítà àgbàlagbà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Màmá, mẹ́wàá kí ni?"

Alágbàfọ̀ sọ ọ́. Kò ju ìwọ̀nba gbólóhùn lọ: aago márùn-ún àárọ̀, káàdì ìyá ọmọ, ìgò, Ọjọ́bọ̀. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú, torí ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ rẹ̀, òun ò ní lè sọ èyí tó kù. Nígbà tó parí, dókítà kọjú sí Métírọ̀n.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mà, ìfiṣòfò ni a ń sá fún. Bí a bá ti ṣí i, a gbọ́dọ̀ dà á nù kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, mà."

"Abẹ́rẹ́ èéyi lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ti èéyi ni kì í dúró bí wọ́n bá ti pò ó. Eléyìí yàtọ̀. Bó bá wà nínú fìríìjì bó ṣe yẹ, tí ìdọ̀tí ò kàn án, ẹ lè máa fà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i. Ẹ ṣí i fún ọmọ kan, ẹ gbé e padà, ẹ dúró de ọmọ kejì. Kò sí òfò kankan níbẹ̀. A fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo yín."

"A ò rí ìwé kankan, mà."

Dókítà dìde, ó wọlé, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Fìríìjì náà wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n tì í mọ́ ògiri pátápátá. Ó ní kí wọ́n fà á síwájú. Eruku bò ó lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé kan mọ́ ọn, lẹ́tà rẹ̀ ṣì hàn kedere, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ìlera wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Ó fi èjìká rẹ̀ ti dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo déètì rẹ̀. Ìwé náà ti pé ọdún márùn-ún níbẹ̀.

Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó wá orí Ìyá Àgbà kàn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e.

Métírọ̀n rí ọwọ́ náà. Ó rí orí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ojú kúrò.

"Ẹ ṣí ìgò," ni dókítà wí.

Métírọ̀n ló ṣí i. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá tú itan ọmọ tuntun, Métírọ̀n nù ún, ó gún un. Ọmọ náà ké gbà, igbe tó lágbára, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìfi ojú pamọ́. Nọ́ọ̀sì kékeré kọ déètì sára ìgò, ó gbé e padà sínú fìríìjì. Ó kù síbẹ̀, ti ọmọ mẹ́sàn-án, kò dà nù, kò ṣòfò. Dókítà ti ń sọ fún akọ̀wé pé kó kó ìwé àkọsílẹ̀ ìbí ọdún márùn-ún jáde fún òun, gbogbo rẹ̀ pátá, kò sì sẹ́ni tó tún rántí kánópì.

Ohun tí Alágbàfọ̀ wá gbà, ó ti gbà á. Ó ń retí kí àyà òun tutù, kò tutù.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ dúró síwájú Métírọ̀n. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká, ó ká a dáadáa kó má baà já bọ́, ó sì na apá náà fún un. Ó di ojú pọ̀ torí abẹ́rẹ́ máa ń dun ni.

"Èmi ló kàn," ló wí. "Èmi náà ní kòkòrò yẹn. Ẹ lé tèmi náà."

Métírọ̀n wo apá kékeré náà. Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ó gbé ojú sókè wo Alágbàfọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, kó bá òun pe ọmọ náà padà.

Alágbàfọ̀ ò pè é.

"Ẹ dá a lóhùn," ló wí.